Irin Tí Kò Gbọdọ̀ Purọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wò ó, a óò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eku nìkan ni òwe náà ń sọ. Ó ń sọ fún wa pé ohun méjì tí yóò máa gbé pọ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irin àti ihò tí yóò máa yí nínú rẹ̀ ṣe rí. Bí ọ̀pá ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ bá fi ìwọ̀n irun orí kan péré tóbi ju ihò rẹ̀ lọ, kò ní wọlé. Bí ó bá sì fi irun orí mẹ́rin kéré sí i, yóò máa gbọ̀n, yóò máa jẹ ihò náà, títí ọjọ́ tí yóò fi dá sí méjì lójú àwọn obìnrin tí wọ́n ti kó ẹ̀gẹ́ wọn jọ sí ìdí ẹ̀rọ. Òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ òṣùwọ̀n tí a kọ sára irin.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè máa bi ara yín pé kí ni ó pa olùkọ́ èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ irin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pàápàá ti bi mí ní ìbéèrè náà rí. Èsì rẹ̀ kò ju pé mo ní ẹ̀rọ léètì kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, òun ni mo sì fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́ ojúmọ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe ń ta ayò, tí àwọn mìíràn ń sin adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń fá irin.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò rí i rí. Léètì ni ẹ̀rọ tí ó máa ń di irin mú, tí ó sì máa ń yí i bírí-bírí, kí ọ̀bẹ líle kan lè máa fá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí róbótó ní ìwọ̀n tí a fẹ́. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a ń pè ní tọ́nà. Orí àga irin kékeré kan ni ọ̀bẹ náà jókòó lé, abẹ́ àga yìí sì ni ọ̀pá síkúrù kan wà. Bí tọ́nà bá yí ọwọ́ ọ̀pá náà ní ìyípo kan, àga àti ọ̀bẹ yóò sún síwájú ní ìwọ̀n tí ẹyín síkúrù náà bá fi jìnnà sí ara wọn. Òrùka irin kan wà ní ìdí ọwọ́ yìí, tí a fa ilà wẹ́wẹ́ sí lára yípo. Òun ni àwọn tọ́nà ń pè ní ‘dial’. Èmi ń pè é ní òrùka òǹkà. Ilà ara òrùka yìí ni ó ń sọ bí ọ̀bẹ ti ṣe rìn tó. Lóòótọ́, ohun ìwọ̀n mìíràn wà, irú fáníà àti maikirómítà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ dúró kí a tó lè lò wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí irin ń yí, tí ọ̀bẹ sì ń jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ òrùka nìkan ni tọ́nà ní tí ó lè gbà gbọ́.

Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ tèmi. Ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti ṣe é, ṣùgbọ́n ọjà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ṣe é fún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lò ó kí ó tó gba Èkó dé ọ̀dọ̀ mi. Mílímítà ni àwọn ará Ṣáínà ń lò. Ìnṣì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn nǹkan. Ohun tí a ṣe sí irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ ni pé a fi síkúrù tí ń rin mílímítà 1 ní ìyípo kan sí i nínú, a sì wá fi òrùka tí a kọ ìnṣì sí lára dè é lóde. Ogójì ilà ni ó wà lára òrùka náà, a sì ní kí a ka ilà kọ̀ọ̀kan sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìnṣì. Láti 1959 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo ìnṣì ti fohùn ṣọ̀kan pé ìnṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4 géérégé. Nítorí náà, bí a bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà ní ìyípo kan, ohun tí òrùka ń sọ ni pé ọ̀bẹ ti rin mílímítà 1.016. Irọ́ ni. Mílímítà 1 péré ni ó rìn.

Kí ni 0.016 mílímítà já mọ́? Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Irọ́ ìyípo kan kò tó ìlàrin irun. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í dúró sójú kan. Bí a bá yí ọwọ́ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, irọ́ ti di 0.16 mílímítà. Bẹ́ẹ̀, irin róbótó ni léètì ń fá: ohun tí ọ̀bẹ bá bù ní ẹ̀gbẹ́ kan ni ó bù ní ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Irọ́ náà ti di 0.32 mílímítà nínú ìbú irin, ìyẹn ni irun orí mẹ́rin àti díẹ̀ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ní agbègbè tí mo ń gbé yìí, ọ̀rọ̀ irin tí ń purọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ kan náà. Ìtàn tí a ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé nígbà tí Ògún ti ojú ogun dé, ó bá àwọn ènìyàn níbi àpèjọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti fọhùn. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó rí akèrègbè ẹmu tí a tò kalẹ̀, ó gbé e, òfìfo ni. Inú bí i, ó yọ idà, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tí ó mọ ohun tí ó ti ṣe, ó wọ ilẹ̀ lọ. Ewu ìbínú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí kọ́ nínú ìtàn yìí, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo akèrègbè náà. Ó nàró bí ẹni pé ẹmu wà nínú rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Òde rẹ̀ ń sọ ohun kan, inú rẹ̀ ń sọ òmíràn. Òṣùwọ̀n èké ni, ó sì wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín baba irin àti àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé irin ni àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù orílẹ̀-èdè wa títí di òní, bí Kìrìsìtẹ́nì ti ń fi Bíbélì búra, tí Mùsùlùmí sì ń fi Kùránì. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé irin kò ní gbè sẹ́yìn èké. Ó jọ pé àwọn òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ mú iṣẹ́ léètì gbòòrò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ nínú. Ní ìlú London, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Henry Maudslay ṣe ohun ìwọ̀n onísíkúrù kan sí ilé iṣẹ́ rẹ̀. Lord Chancellor ni a sọ ọ́, orúkọ oyè adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, nítorí pé bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí ìwọ̀n, òun ni ó máa ń parí ẹjọ́. Adájọ́ tí a fi irin ṣe! Ọmọ Ìrè kò ní rí i bí ohun àjèjì.

Ní Ìkọ̀lé ni mo ti rí ẹni tí ó bá mi tún òrùka náà ṣe. Ọ̀gá tọ́nà ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti lò ju ogójì ọdún lọ nídìí léètì. Òun ni ó ń fá dírọ́ọ̀mù bíréèkì fún àwọn awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé títí dé Òmùò; òun náà ni ó ń ṣe búùṣì fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti àwọn tí ń rin ẹ̀gẹ́ ní àwọn abúlé àyíká. ‘Thou’ ni òun àti àwọn mẹkáníìkì ń pe ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìnṣì. Bí kiránkì ọkọ̀ bá ti jẹ, wọn yóò ní kí a lọ fá a sí ‘ten’ tàbí ‘twenty’, ìyẹn ni pé kí a bu ìdá mẹ́wàá tàbí ogún nínú ẹgbẹ̀rún ìnṣì kúrò nínú ìbú rẹ̀, kí a sì ra bíárìnì tí yóò dí àyè náà. Ìran tèmi, tí ó wọ ilé-ìwé lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní 1973, tí mítà sì ti ń gba ipò ẹsẹ̀ bàtà, mílímítà ni wọ́n fi kọ́ wa. Èdè méjì ni èmi àti ọ̀gá ń sọ nídìí irin kan náà, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé.

Nígbà tí ó dán ẹ̀rọ mi wò tán, ó nu ọwọ́, ó ní, “Dókítà, irọ́ ni òrùka yìí ń pa fún yín. Ẹ jẹ́ kí á bọ́ ọ.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé kí á wá síkúrù onínṣì sí i ni?”

Ó ní, “Rárá o. Ohun tí ó wà nínú dára. Ohun tí a kọ sóde ni kò bá a mu.”

Òrùka tuntun tí a fẹ́ ṣe yóò ní ọgọ́rùn-ún ilà, kí ilà kọ̀ọ̀kan lè dúró fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Òrùka àtijọ́ kò fẹ̀ ju mílímítà 25 lọ. Bí a bá fa ọgọ́rùn-ún ilà sára rẹ̀, ilà kan kò ní jìnnà sí èkejì tó mílímítà kan, ojú àgbà kò sì ní lè kà á. A fi tuntun sí mílímítà 50, àyè tí ó wà láàárín ilà sì wá lé ní mílímítà kan àti ààbọ̀. Inú ògbólógbòó písítìnì ọkọ̀ akẹ́rù ni a ti rí alumíníọ̀mù tí a fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń pín òbìrí sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún ọgbọọgba láìsí ẹ̀rọ tí a ṣe fún un? Ibí ni ọgbọ́n wà. Ọ̀gá ní kí kápẹ́ńtà gé pátákó róbótó kan tí ìbú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílímítà 318, nítorí pé etí irú pátákó bẹ́ẹ̀ yípo yóò jẹ́ mítà 1. Ó dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá léètì ńlá rẹ̀. A gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn ní mítà 1, a fa ilà sí i ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, a sì lẹ̀ ẹ́ yí etí pátákó náà ká. Òrùka tí a fẹ́ kọ wà níwájú, pátákó wà lẹ́yìn, ọ̀pá kan náà ni ó gbé àwọn méjèèjì. Bí a bá ti yí pátákó ní sẹ̀ǹtímítà kan, a óò dá a dúró, ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó yóò sì fa ilà kan sára òrùka. Ilà karùn-ún gùn ju àwọn yòókù lọ, ìkẹwàá sì gùn jù wọ́n lọ pátápátá, kí ojú má baà ṣì í kà. Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé àṣìṣe ń kéré bí ó ti ń bọ̀. Pátákó fi ìlọ́po mẹ́fà tóbi ju òrùka. Bí ọwọ́ wa bá fi ìdajì mílímítà ṣìnà lára pátákó, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà nígbà tí ó bá dé ara òrùka, bí ó bá sì dé ẹnu ọ̀bẹ, kò sí ẹni tí yóò lè rí i.

Kí a máa ti ibi ńlá bọ̀ wá sí kékeré: òfin yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń kùn pé òǹkà wa le, wọ́n ní kí ló dé tí a kò fi ẹyọ kún mẹ́wàá tààrà títí a óò fi dé ogún. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá wo tọ́nà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àfikún nínú. Yíyọ kúrò ni gbogbo rẹ̀. Bí irin tí ó rà bá fẹ̀ ní ogún mílímítà, tí ó sì fẹ́ kí ó ku mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin ni yóò bù kúrò nínú ogún, bí orúkọ òǹkà náà ti wí gan-an. Ogójì tí ó wà lára òrùka àtijọ́ pàápàá kì í ṣe àlejò: ogójì owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó bá ní Yorùbá kò ní ẹ̀mí ìwọ̀n tí ó péye kò tíì gbọ́ bí a ti ń ka owó.

Ohun mìíràn tí òrùka tuntun ní ni pé ó ṣeé yí lórí ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí ẹnu ọ̀bẹ bá kan irin, a óò dá òrùka padà sí òdo, a óò sì fi síkúrù kékeré kan dè é. Òrùka àtijọ́ kò ṣeé sún, nítorí náà orí ni tọ́nà fi ń ṣe ìṣirò: mo bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́tàdínlógún, mo fẹ́ fi márùndínlọ́gbọ̀n kún un, níbo ni kí n dúró? Bí ẹnì kan bá kí i lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, òǹkà ti sọ nù.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí òrùka tí ó péye jù lọ kò lè ṣe. Bí síkúrù bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àyè máa ń wà láàárín òun àti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí tọ́nà bá ń yí ọwọ́ síwájú, tí ó sì yí i padà, òrùka yóò máa ka ilà lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ kò tíì mira. Nítorí èyí, bí ó bá kọjá ibi tí ó fẹ́, kò gbọdọ̀ dá a padà ní ilà kan kí ó sì gbà pé ó ti pé. Yóò fà á sẹ́yìn dáadáa kọjá àyè náà, kí ó tó tún bọ̀ láti apá ibi tí ó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ni ó ń mọ ìgbà tí àyè náà tán. Òrùka kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́. Ńṣe ni ó ń fún ọwọ́ ní ohun tí yóò fi sọ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn lè gbọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ilà ara òrùka ẹ̀rọ tirẹ̀ kéré, òróró àti ọjọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́. Ó pẹ́ tí ó ti ń fi ọwọ́ àti etí nìkan ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà nínú ọwọ́ nìkan kò ṣeé fi lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọṣẹ́ méjì ni ó ní. Ọ̀kan ti kúrò, ó ti lọ ń gun ọ̀kadà. Èyí tí ó kù ni mo gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ fún pé, “Fi sí i díẹ̀.” Ọmọ náà dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ọ̀gá, báwo ni díẹ̀ ṣe tó?” Ọ̀gá dákẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo agbègbè yẹn, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ó lè nà án sí.

Nígbà tí òrùka tèmi parí, ó ṣe méjì sí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìnṣì ni síkúrù rẹ̀, ẹyín mẹ́wàá nínú ìnṣì kan, nítorí náà ìnṣì ni ó kọ síta: ọgọ́rùn-ún ilà, ‘thou’ kan fún ilà kan, lára òrùka tí ó fẹ̀ ní mílímítà 80, kí ilà lè fi mílímítà méjì àti ààbọ̀ jìnnà sí ara wọn. Ó fi ọ̀dà dúdú kun inú ilà kọ̀ọ̀kan. Àárẹ̀ ojú kò lè dí i lọ́wọ́ mọ́ láti kà á, ọmọṣẹ́ náà sì lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó máa kà á pẹ̀lú rẹ̀. Báyìí, bí ọ̀gá bá ní kí ó fi méjì sí i, méjì ni ó ń fi sí i. Bí ó bá ti ṣe èyí fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bí méjì ti ń rí lẹ́nu irin.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀gá kò sọ ẹ̀rọ rẹ̀ di oní-mílímítà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ tèmi di onínṣì. Ìnṣì kọ́ ni ó ń purọ́, mílímítà kọ́ sì ni. Irọ́ ni kí inú jẹ́ ọ̀kan, kí òde jẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kóńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ wọ inú lọ́jà ṣe rí: kóńgò ni ojú rẹ̀, ìdí rẹ̀ kì í ṣe kóńgò. Bẹ́ẹ̀ náà ni máàkì tí àwa olùkọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe rí, bí ohun tí a kọ sínú ìwé ẹ̀rí bá ju ohun tí ó wà ní orí ọmọ lọ. Òrùka òǹkà ni ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí yóò gba ọmọ náà síṣẹ́ kò rí inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ wa nìkan ni ó rí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá sún mọ́ ilé iṣẹ́ irin. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, wà ní Ìkọ̀lé, ìlú kan náà tí ọ̀gá tọ́nà yìí wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi ń kọ́ nípa síkúrù àti òrùka. Èdè wa ni ọmọṣẹ́ ọ̀gá fi ń kọ́ ohun kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ wo ni wọn yóò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa àyè tí ó wà láàárín síkúrù àti nọ́ọ̀tì? Iṣẹ́ wa ni kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn tọ́nà ń lò, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì dábàá tuntun níbi tí kò bá ti sí, kí a má sì ṣe gbé ọ̀rọ̀ kan jáde kí a tó mọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tí ó bi ọ̀gá rẹ̀ pé báwo ni díẹ̀ ṣe tó kò rí ọ̀gá rẹ̀ fín. Ìdáhùn tí ó lè gbé lọ sí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ni ó ń bèèrè, ó sì yẹ kí ó rí i gbà ní èdè tí ó ń sọ.